Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Dókítà Ẹran

Ilé tí mo gbé dàgbà, lẹ́yìn ọ̀nà Dọ̀pẹ̀mú, kò nílò aago. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ilé búrẹ́dì ẹ̀yìn ọgbà wa á ti máa la ìyẹ̀fun pípò mọ́ pákó, gbì, gbì, gbì. Ládàánì á pe ìrun. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi á pe orúkọ mi, wọ́n á sì pè é tán pátápátá, èyí tí wọ́n sọ mí, èyí tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún mi, àti orúkọ bàbá mi lé e, èyí tó túmọ̀ sí pé abọ́ àná ṣì wà nílẹ̀. Tó bá tún yá, iléeṣẹ́ bísíkíìtì tó wà lójú títì á fọn fèrè rẹ̀ bí ẹni pé àwa náà ń gbowó oṣù níbẹ̀. Àwa ọmọdé kì í tilẹ̀ gbọ́ ariwo wọ̀nyí mọ́. Àfi Ìyá Àgbà. Àwọn ni wọ́n bí bàbá mi. Lẹ́yìn tí Bàbá Àgbà kú, bàbá mi lọ mú wọn wá láti Èkìtì, wọ́n ní ìyá àwọn kò ní dá gbé. Ní gbogbo ọdún tí mò ń ròyìn rẹ̀ yìí, ìgbàkígbà tí fèrè bísíkíìtì bá dún, Ìyá Àgbà á gbé ọwọ́ láyà, wọ́n á ní, "Ta ló tún kú o?" A ó ní kò sẹ́ni tó kú, bísíkíìtì ni. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ìlú tí wọ́n ti ń fọn fèrè fún bísíkíìtì, kí ni wọ́n á wá fọn fún ọba?

Ẹrù tí Ìyá Àgbà kó wá kò pọ̀: àpótí aṣọ kan, iṣu, igbá òrí kan, Bíbélì tí èèpo rẹ̀ ti já, àti abo pẹ́pẹ́yẹ kan nínú agbọ̀n. Orí itan wọn ni agbọ̀n náà wà láti Èkìtì dé Àgége, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e sí búùtù. Pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ wọ inú ọgbà wa. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì yàgbẹ́ sí àárín àgbàlá. Olùkọ́ ni ìyá mi, wọ́n fẹ́ràn ìmọ́tótó, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì dán gbogbo àgbàlá náà títí èèyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n wo ìgbẹ́ náà, wọ́n wo ìyá ọkọ wọn, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, Mà." Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń fọ àgbàlá láàárọ̀ lálẹ́. Orin ìjọ ni wọ́n ń kọ sí i, orin tó dá lórí ìfaradà, bí ìgbẹ́ bá sì ṣe pọ̀ tó ni ohùn wọn ń ga tó. Àlàájà, télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, á gbé orí sókè lórí máṣíìnì wọn, wọ́n á ní, "Ìyá Fúnkẹ́, orin tòní yìí mà ga o. Ṣé inú yàrá ló wá yàgbẹ́ sí ni?"

Inú Ìyá Àgbà kò dùn l'Ágége. Mo mọ̀, torí pé èmi ni mò ń bá wọn sùn. Wọ́n ní omi ibẹ̀ kò dùn, iṣu ibẹ̀ kò gbó, àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í sì í kí ara wọn, ẹni tó bá kí ọ, ó ní ohun tó fẹ́ tà. Nígbà tí pẹ́pẹ́yẹ wá yé ẹyin sí abẹ́ táǹkì omi, tó sì sàba lé e, Ìyá Àgbà pe bàbá mi jókòó. Wọ́n ní, "Délé, gbọ́. Bí ọmọ ẹyẹ yìí bá yè, mo mọ̀ pé ilẹ̀ yìí gbà mí nìyẹn, n ó dúró. Bí wọn ò bá yè, o ó wá mọ́tò Èkìtì fún mi, o ò sì ní bá mi jiyàn." Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi, ní Aláùsá, wọ́n sì gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ tí a kò lè sún síwájú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò burú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ilé yẹn, Ìyá Àgbà nìkan ló ń bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n sì ń dúró gbọ́ èsì. Mo fẹ́ràn wọn débi pé èmi gan-an ń jí lọ wo ẹyin láràárọ̀, mò ń bẹ ìyá pẹ́pẹ́yẹ pé kó jọ̀ọ́ kó jókòó dáadáa.

Ẹyin pa. Ọmọ mẹ́fà ló jáde, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òróró tuntun, gbogbo ọgbà sì di abiyamọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó kọjá tí kì í já búrẹ́dì sílẹ̀ fún wọn. Búrẹ́dì kò wọ́n wa, ẹ kúkú mọ ibi tí à ń gbé. Èyí tó bá jó díẹ̀ nínú iná, àwọn tó ń ṣe é á jù ú sórí ògiri sí wa, à ń jẹ, pẹ́pẹ́yẹ ń jẹ, Táyọ̀ àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín náà ń jẹ, kò tilẹ̀ fẹ́ fẹnu kan nǹkan mìíràn mọ́. Ìyá Àgbà fún ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ṣùgbọ́n èyí tó lẹ́nu jù lọ nínú wọn, Gómìnà ni a sọ ọ́, torí pé láti ọjọ́ tó ti jáde ló ti fẹ́ràn kó jókòó lójú kan kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá bá a.

Pẹ́pẹ́yẹ kì í kúkú rìn gún tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí a ò fi tètè fura. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, a ní ìdàgbàsókè ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì lórí sìmẹ́ńtì dídán ìyá mi, tí wọ́n ń fi àyà lélẹ̀ gbàá, àwa ọmọdé ń pàtẹ́wọ́, a rò pé eré ni wọ́n ń ṣe fún wa. Ọjọ́ tí Gómìnà wá ń fi orúnkún wọ́ lọ síbi omi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí ẹsẹ̀ àga tó ti ya, tí ó ń ké fíínfíín, ni Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Wọ́n wo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí èyí tó lè dìde dúró tààrà nínú wọn. Mo rí i bí ojú wọn ṣe lọ sọ́nà yàrá wa, níbi tí àpótí wọn wà lábẹ́ ibùsùn.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá Àgbà ti wẹ gbogbo ọmọ bàbá mi, wọ́n wẹ èmi, wọ́n wẹ Táyọ̀, kò sí ẹsẹ̀ tó rọ tí wọn ò tíì fi omi gbígbóná àti òrí tò rí. Wọ́n ní ọmọ lọmọ ń jẹ́. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìdáná, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n tẹ́ Gómìnà sórí ojúgun wọn bí a ṣe ń tẹ́ ọmọ ọwọ́, wọ́n fi aṣọ gbígbóná jó o léjìká, wọ́n fi òrí pa á láti orí dé ìdí, wọ́n fa ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n fa tòsì, wọ́n fún un nímú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ni ibi tí ó yẹ kí imú wà, wọ́n wá jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀rù má baà máa bà á láyé. Ìyá pẹ́pẹ́yẹ ń sáré yí wọn ká, ó ń bú wọn ní èdè tirẹ̀. Wọ́n ní, "Dákẹ́, abiyamọ àkọ́kọ́. Bí gbogbo wa ṣe ṣe náà nìyí." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbé bàsíà omi wá kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀. Òrí ti lẹ gbogbo irun ara rẹ̀ pọ̀. Gómìnà wọ inú omi, ó wò wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Mo pariwo débi pé Àlàájà gún ara wọn lábẹ́rẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ tí omi ń gbé lọ! Bí a ṣe fà á yọ, ó sín, ó tún sín, ó sì ń wo Ìyá Àgbà bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n wò ó, wọ́n ní pẹ́pẹ́yẹ tí kò lè rìn, ojú ọ̀nà ìkòkò ló wà. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín, wọ́n fa àpótí wọn yọ lábẹ́ ibùsùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìró síbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ bàbá mi wọlé padà sínú ikùn wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ bẹ dókítà ẹran kan tó ń gbé ní òpópónà kejì sí wa, kó tó lọ síbi iṣẹ́, kó jọ̀ọ́ kó yà wò wọ́n.

Dókítà náà kò ju ọmọ ilé ìwé lọ lójú Ìyá Àgbà, àmọ́ ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa, wọ́n sì gbà fún un. Ó gbé Gómìnà, ó tẹ orúnkún rẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ta ló fi òrí pa á?" Ìyá Àgbà ní ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Gbogbo wa ní búrẹ́dì. Ó mi orí, ó ní kí a yé fún wọn ní búrẹ́dì, kí a wá ẹ̀fọ́ àti oúnjẹ adìẹ fún wọn, kí a sì kó wọn kúrò lórí sìmẹ́ńtì dídán yìí, kí a tẹ́ àpò tí kò yọ̀ sábẹ́ wọn, torí ilẹ̀ náà ń ya ẹsẹ̀ wọn. Ìyá mi ti lọ síléèwé, ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn. Ó ti ń pẹ́ fún dókítà, ìrìn àjò ló fẹ́ lọ, Abẹ́òkúta, ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó ta á, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde kúrò ní géètì kó tó rántí nǹkan. Ó yíjú padà, ó lanu, àfi bí fèrè bísíkíìtì ṣe dún kíkankíkan. Ohun tí a rí gbọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ ni, "Ìyá! Bí kò!" Ó tún juwọ́, ó ní, "Bí kò o!" Ó sì lọ.

Ìyá Àgbà dúró, wọ́n ń retí ìyókù ọ̀rọ̀. Ìyókù ti wọ Abẹ́òkúta lọ. Àlàájà ní, "Bí kò kí ni?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo ní kí n sáré tẹ̀ lé e kí n lọ béèrè, Ìyá Àgbà sì fi ọwọ́ dá mi dúró. Ojú wọn ti yí padà, ó ti dà bí ojú ẹni tí wọ́n yẹ́ sí. Wọ́n ní, "Rárá o. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Ọmọ yẹn ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó wò mí, ó mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni à ń là á sílẹ̀ fún." Wọ́n wọlé lọ jókòó kí ọ̀rọ̀ náà lè di odindi nínú wọn.

Kò di odindi. Wọ́n jókòó títí, wọ́n jáde wá, wọ́n ní ó kù díẹ̀. Àlàájà wá ní kí àwọn ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ní bóyá ohun tí dókítà fẹ́ sọ ni pé, bí kò bá gbóná, kò ní sàn. Ìyá Àgbà ní ó jọ ọ́. A kó ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lọ sí ìdí ògiri tí ààrò ilé búrẹ́dì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n la ẹnu sílẹ̀ hẹ̀lẹ̀, wọ́n ń mí gúlegúle, a tún kó wọn padà. Oníbàárà Àlàájà kan tó wá gba aṣọ ní, bí kò bá jẹ ata, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní yí káàkiri. A fún wọn láta. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí pẹ́pẹ́yẹ tó ń gbọn orí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàlẹ́nu, ẹ ò tíì rí nǹkan. Èmi náà ò gbẹ́yìn, mo ní bí kò bá gbọ́ orin, inú rẹ̀ ò ní dùn, Ìyá Àgbà sì ní àṣé ọmọ yìí gbọ́n, wọ́n kọ orin Èkìtì fún Gómìnà títí tó fi sùn. Ohun kan tó ṣe wọ́n lóore lọ́sẹ̀ náà ni ohun tí dókítà sọ tán: a tẹ́ àpò sábẹ́ wọn, Àlàájà sì fi àjákù léèsì so ẹsẹ̀ àwọn méjì tí tiwọn ya jù pọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má baà máa yọ̀ lọ, wọ́n ṣe é fínnífínní bí ẹni ń ran aṣọ ìyàwó. Búrẹ́dì nìkan la ò rí dá dúró, orí ògiri ló ń gbà wọlé. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ṣì tẹ̀. Gómìnà ò dìde. Àpótí Ìyá Àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, wọ́n sì ti ní bó bá di ọjọ́ Sátidé tí dókítà kò dé, kí bàbá mi bá wọn wá mọ́tò. Lálaalẹ́ ni mò ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ wọn kí n tó sùn, kí n lè mọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ lọ.

Ẹ ó bi mí pé ìyá mi ńkọ́, olùkọ́, ẹni tó kàwé? Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ni. Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ kì í wáyé láàárín ìyá mi àti ìyá ọkọ wọn, kí àlàáfíà lè jọba. Ọmọ mi obìnrin, tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village báyìí, ní, "Mọ́mì, gbogbo nǹkan tí ẹ ṣe yẹn, ìṣẹ́jú kan ni lórí fóònù." Mo ní òótọ́ ni, àmọ́ fóònù ò ní bá ọ fi òrí pa pẹ́pẹ́yẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ìyá mi ti iléèwé dé pẹ̀lú Táyọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹnu ọmọ náà ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n sì ti gbé e gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kọjá. Wọ́n gbé ìgò oògùn kékeré kan sórí tábìlì, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Bíkò Táyọ̀ o."

Ìyá Àgbà dáwọ́ ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó dúró. "Ìyàwó, kí lo wí?"

"Bíkò ni mo wí, Mà."

"Bí kò kí ni?"

"Bíkò náà ni, Mà."

"Mo gbọ́ ọ. Bí kò bá kí ni?"

"Kò bá nǹkan kan, Mà. Bíkò ti Táyọ̀ ni."

"Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run, parí ọ̀rọ̀ rẹ!"

"Ó ti parí, Mà!" Ìyá mi ti fẹ́ sunkún. Wọ́n gbé ìgò náà sókè. "Orúkọ oògùn ni. Fítámíìnì Bí. Nọ́ọ̀sì ní búrẹ́dì nìkan tí Táyọ̀ ń jẹ ni kò jẹ́ kó tó lára rẹ̀."

Àṣé Bíkò ni dókítà ń pè lẹ́nu géètì! Àlàájà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín láti yàrá wọn, wọ́n rín in títí wọ́n fi di ẹ̀gbẹ́ wọn mú. Ìyá Àgbà gba ìgò náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Odindi ọ̀rọ̀ ni, inú ìgò ló wà." Ìyá mi wo Gómìnà lórí àpò, wọ́n wo Táyọ̀, ẹnu méjèèjì kún fún búrẹ́dì. Kí wọ́n tó bọ́ bàtà iléèwé, wọ́n tún padà sí kẹ́mísì lọ ra Bíkò mìíràn, ti àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí ìyá mi àti Ìyá Àgbà jọ bẹ̀rẹ̀ pọ̀ sídìí abọ́ omi kan, ọ̀kan ń ro oògùn, èkejì ń di Gómìnà mú. Sátidé dé, kò sẹ́ni tó dárúkọ mọ́tò. Nígbà tí dókítà ti Abẹ́òkúta dé, tó béèrè bóyá wọ́n gbọ́ ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, Ìyá Àgbà ní, "Ó yé mi kedere, ọmọ mi. Kí lo rò?"

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ń le. Àwọn méjì tí a so ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ rìn, àwọn mẹ́ta tẹ̀ lé wọn. Gómìnà ló gbẹ́yìn. Ó dìde lọ́jọ́ kan nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, ó rin ẹsẹ̀ díẹ̀, ó ṣubú, ó tún dìde. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò tọ́ tán láéláé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tiro náà ń rìn. Wọ́n dàgbà, wọ́n hu ìyẹ́, wọ́n wá rí i pé géètì kì í sábàá tì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n jáde lọ. Ìyá pẹ́pẹ́yẹ síwájú, ọmọ mẹ́fà tẹ̀ lé e, Gómìnà ń tiro kẹ́yìn, wọ́n ń lọ sí ibi tí omi ń dà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́ bísíkíìtì. Ìyá Àgbà sáré jáde pẹ̀lú ìró lọ́wọ́, èmi tẹ̀ lé wọn, Àlàájà tẹ̀ lé mi pẹ̀lú tépù lọ́rùn, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lójú. Ọlọ́kọ̀ kan tó kó bísíkíìtì dúró gbọin, ó yọ orí síta, ó ní, "Mama, which kain waka be dis?" Ìyá Àgbà ní ìrìn ẹsẹ̀ ni, ṣé kò rí i pé wọ́n ní ẹsẹ̀? Gbogbo àdúgbò ń ṣe ṣíọ̀ṣíọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ darí wọn padà. Mégádì iléeṣẹ́ náà ló gbá Gómìnà mú ní ẹnu géètì ńlá, ó gbé e fún mi, ó ní, "Ìyá, níbo nilé yín, ká bá yín kó wọn débẹ̀?"

Ní Èkìtì, ulé là ń pe ilé. Láti ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ti dé ọ̀dọ̀ wa, bí wọ́n bá pe ulé, Èkìtì ni wọ́n ń sọ: ulé ti gbóná báyìí, iṣu ulé, wọ́n á ti máa wá mi ní ulé. Ibi tí à ń gbé, "ọ̀dọ̀ Délé" ni wọ́n ń pè é. Mo dúró sójú títì, Gómìnà ń já mi ní ìka, mò ń dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọn ò tilẹ̀ ronú. Wọ́n na ọwọ́ sí géètì wa, ìró wọn ti fẹ́ jábọ́, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ulé mi nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ẹ máa dà wọ́n lọ sí ulé."

Mo fi ẹ̀kúnwọ́ mú Gómìnà mọ́ àyà, mo sáré ṣíwájú gbogbo wọn, kí n lè ṣílẹ̀kùn fún Ìyá Àgbà kí wọ́n tó débẹ̀.